Bí Mo Ṣe Ṣètò Àfikún Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ àti Oníkẹ̀kẹ́

Ìdí ibi tí ọ̀nà àtijọ́ parí sí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kì í ṣe orí tábìlì. Ọ̀nà tí a gbin igi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ náà gba àárín ìlú kọjá, ó sì dópin lójijì lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kò dúró níbẹ̀. Mo rí ipa táyà nínú ẹrẹ̀, mo rí ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ koríko títí ó fi pá, gbogbo wọn sì dorí kọ títì ńlá tó wà láàárín ibẹ̀ àti ibùdókọ̀ rélùwéè. Àwọn tó ń rìn ti yan ọ̀nà kí a tó pè mí láti wá ṣètò àfikún rẹ̀.

Ipa méjì ló wà níwájú mi. Èyí àkọ́kọ́ tẹ̀ lé etí odò, ó sì wù mí púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ìkejì gba ojú irin àtijọ́ tí ọkọ̀ kò gbà mọ́. Nígbà tí òjò ńlá kan dá, mo wọ bàtà rọ́bà, mo rin etí odò náà dé òpin, omi sì mù mí dé orúnkún níbi méjì. Ojú irin ni mo mú. Ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè tó dúró ṣánṣán, nítorí náà àwọn tó tẹ́ ẹ ti gé òkè, wọ́n sì ti dí kòtò kí ilẹ̀ lè tẹ́jú. Àǹfààní ńlá nìyí fún ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́, nítorí a kì í fẹ́ kí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gòkè ju mítà 1 lọ nínú mítà 20. Orí irú ilẹ̀ báyìí ni BeltLine wà, ìyẹn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, èyí tí èrò rẹ̀ ti inú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan jáde ní ọdún 1999.

Ní ti fífẹ̀ rẹ̀, mítà 3 ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà kà sí èyí tó tó. Mo fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, mo ní kí akẹgbẹ́ mi méjì máa rìn lọ bí ẹni tó ń tàkùrọ̀sọ, mo sì gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára wọn bí ẹlòmíràn ti ń gun tirẹ̀ bọ̀ níwájú. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọ̀kan nínú wọn lápá. Mítà 4 ni mo kọ sílẹ̀, n kò sì gbà kí wọ́n dín in kù nítorí owó.

Ibi ìsọdá títì ló gba ọjọ́ jù lọ́wọ́ mi. Ìyá tí kò fọkàn tán ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbà á, bó ti wù kí ìyókù ọ̀nà lẹ́wà tó. Títì náà fẹ̀ ní mítà 14. Bí a bá fi mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣírò, bí àwọn tó ń ṣètò iná ojú títì ti sábà máa ń ṣe, ìṣẹ́jú àáyá 12 tó láti sọdá. Mo fi aago wo bàbá àgbà kan tó ń tẹ̀pá, ìṣẹ́jú àáyá 20 ló lò. Mo wá fi pèpéle sí àárín títì, kí ènìyàn lè sọdá ìdajì, kó sinmi, kó tó sọdá ìyókù. Mítà 1.5 ni mo kọ́kọ́ fún un. Nígbà tí mo gbé kẹ̀kẹ́ dúró sáàárín ìlà tí mo fà, táyà ẹ̀yìn yọ síbi tí ọkọ̀ yóò máa gbà, nítorí kẹ̀kẹ́ gùn tó nǹkan bíi mítà 1.8. Àyà mi já. Mo sọ ọ́ di mítà 3, kí kẹ̀kẹ́ tó ń wọ́ ọmọ lẹ́yìn pàápàá lè rí ààyè, mo sì ní kí wọ́n gbé ojú títì ibẹ̀ ga díẹ̀ kí awakọ̀ lè dín eré kù.

Mo yẹ ọ̀nà kúrò lára àwọn igi tó ti dàgbà, nítorí gbòǹgbò a máa gbé ọ̀dà sókè. Iná àti àga ìjókòó kò mú àríyànjiyàn wá. Lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé tí mo fi sílẹ̀, mo kọ ọ́ pé ibi ìsọdá ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, kí owó má baà tán kí iṣẹ́ tó dé ibẹ̀, wọ́n sì buwọ́ lù ú bẹ́ẹ̀.