Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ dídákú tí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀ lára mi

Bí abẹ́rẹ́ bá ti kan apá mi ní lábù, òógùn tútù á bò mí, etí á máa hó, ojú á ṣú, ó di gbì! Mo mu mínírà kí n tó lọ, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́; pàbó ló já sí. Dókítà yẹ ọkàn àti ṣúgà mi wò, kò rí nǹkan kan. Ó ní ìdágìrì ló ń mú kí lílù ọkàn rọlẹ̀, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ń fẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó ọpọlọ.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ nìyí: mo dùbúlẹ̀, mo mú itan, ikùn àti apá kejì le gbagidi fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, títí ojú mi fi gbóná. Mo dẹ̀ ẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún. (Nọ́ọ̀sì rò pé inú ń bí mi ni.) Apá tí wọ́n fẹ́ gún, ẹ má mú un le o.

N kò tíì dákú mọ́ láti ìgbà náà. Ó lè má ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá sì ń dákú nígbà tó ń sáré, tàbí tí àyà ń dùn ún, ti tirẹ̀ yàtọ̀: kó tètè lọ sí ọsibítù.