Bí Mo Ṣe Kúrò Lórí Ukulele Kékeré Bọ́ Sórí Baritone

Báàsì ni mo ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ìdí sì nìyẹn tí mo fi wá baritone kiri, ìyẹn ukulele ńlá tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ (ukulele jẹ́ ohun èlò olókùn mẹ́rin bíi gìtá kékeré). Soprano, ukulele kékeré tí mo ń lù tẹ́lẹ̀, fúyẹ́, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tó rẹlẹ̀ jù lọ lára rẹ̀ ni C àárín dùùrù. Kò ní nǹkan kan nísàlẹ̀ ibẹ̀. Bí mo bá ń kọrin sí i, èmi á wà nísàlẹ̀, òun á wà lókè, a kì í pàdé. Baritone máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé D tó wà lábẹ́ C yẹn, níbi tí ohùn àwa ọkùnrin ń gbé.

Bùọ̀dá mi tó wà ní London ló bá mi rà á. Ohun kan ni mo tẹnu mọ́ fún wọn: kí wọ́n yẹ páálí okùn wò dáadáa, kí wọ́n rí i pé D-G-B-E, ìyẹn ohùn okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni wọ́n kọ sí i. Àwọn kan ń ta okùn tó máa ń jẹ́ kí baritone dún ní G-C-E-A bíi ti àwọn kékeré, fún ẹni tí kò fẹ́ kọ́ orúkọ tuntun. Lójú tèmi, ẹni tó bá fi okùn yẹn sí i ti ra àpótí ńlá, ó sì ti fi ohùn inú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìsọ̀.

D-G-B-E yìí kò ṣàjèjì. Okùn mẹ́rin tó tín-ín-rín jù lára gìtá náà ni. Àwọn ará Madeira, erékùṣù Portugal, tó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Honolulu ní 1879 ló mú ohun èlò kékeré tí àwọn ará Hawaii sọ di ukulele wá, àmọ́ àbígbẹ̀yìn ni baritone: ìparí àwọn ọdún 1940 ló jáde ní Amẹ́ríkà, Arthur Godfrey tó ń lù ú lórí tẹlifíṣọ̀n ló sì jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n. Nílùú Èkó, ní nǹkan bí àsìkò kan náà, Àyìndé Bákàrè tó ti ń lu ukulele-banjo nínú jùjú ti ń bọ́ sórí gìtá oníná. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ìyẹn.

Nígbà tí baritone dé ọwọ́ mi, mo tẹ kọ́ọ̀dù C (àwọn ohùn tó ń dún pọ̀) bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́: ìka kan ṣoṣo lórí fret kẹta (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín ọrùn rẹ̀), lára okùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. G ló dún. Mo tẹ F, C ló jáde. G7 di D7, Am di Em. Ìka kò yí padà, orúkọ ló yí. Ẹni tó bá fi tonic sol-fa dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kò ní pẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí a mọ̀ pé kò síbi tí doh kò lè jókòó sí. Mo pa létà tì fún ìgbà díẹ̀, mo ń pè wọ́n ní kọ́ọ̀dù doh, kọ́ọ̀dù fah, kọ́ọ̀dù soh, mo sì ń lu àwọn orin tí mo ti mọ̀. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ láti doh lọ sí soh tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ orin tí mo máa ń fi ọrùn nà kọ tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sí àyà mi.

Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tẹ dùùrù bá ní kíì C la ó gbà, ìyẹn kí C jẹ́ doh, létà di dandan. C rọrùn, G7 tún rọrùn jù ú lọ: ìka kan lórí fret kìíní okùn E. F ló gba sùúrù. Ìfábẹ̀là á tẹ okùn B àti E pọ̀ lórí fret kìíní, ìka àárín á wà lórí fret kejì okùn G, ìka òrùka lórí fret kẹta okùn D. B-flat nìyẹn lórí soprano, àmọ́ okùn soprano láti orí dé afárá kò ju nǹkan bí ínṣì 13 lọ, ti baritone tó 19 tàbí 20, nítorí náà fret jìnnà síra. Mo gbé gbogbo ìka náà lọ sókè, sí fret karùn-ún níbi tí àyè ti há, mo fi àtàǹpàkò gbé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ró láàárín gan-an, mo wá ń sún un padà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí F fi dún gaara. Ẹ lè fi capo, ohun tí wọ́n fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn, sí fret karùn-ún kí ẹ gba orúkọ àtijọ́ padà. Mo máa ń ṣe é bí nǹkan bá kánjú, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó di bárakú.

Ọwọ́ ọ̀tún ni iṣẹ́ gidi wà. Lórí soprano, okùn G tó sún mọ́ ojú wa ga, bí èèyàn bá gbá gbogbo okùn pọ̀, ohùn náà á máa tàn. Lórí baritone, èyí tó sún mọ́ wa ló wúwo jù. Bí mo bá gbá a bí mo ṣe ń gbá ti àtijọ́, á bo ohùn ẹni tó ń kọrin mọ́lẹ̀. Mo wá yan iṣẹ́ fún àtàǹpàkò: òun ló ni okùn D àti G, àwọn ìka yòókù á fọwọ́ kan B àti E pẹ̀lẹ́. Nínú kọ́ọ̀dù G, àtàǹpàkò á kọ́kọ́ kan okùn G, doh nìyẹn, lẹ́yìn náà okùn D, soh ìsàlẹ̀. D7 fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti okùn D láìtẹ ohunkóhun. Em wà lórí fret kejì rẹ̀. C nìkan ni doh rẹ̀ kò sí lábẹ́ àtàǹpàkò, mo máa ń fi okùn G ṣíwájú níbẹ̀. Nínú orin ìyìn tiwa, ibi tí ìjọ bá ti ń pàtẹ́wọ́ ni mo máa ń jẹ́ kí àtàǹpàkò balẹ̀ sí, orin náà á sì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láìsí ìlù.

Wáyà wẹ́wẹ́ ni wọ́n wé mọ́ okùn D àti G. Ó máa ń han bí ìka bá ń fà lórí rẹ̀, nítorí náà mo ń gbé ìka kúrò pátápátá kí n tó lọ sí kọ́ọ̀dù mìíràn. Okùn tuntun máa ń dẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó sú yín láti tún un fà. Ní àkókò ọyẹ́, àpò rẹ̀ ni mo máa ń fi í sí pẹ̀lú fóòmù kékeré tó tutù nínú ike tí mo lu ihò sí, torí igi rẹ̀ lè sán bí ètè ẹni.

Soprano ti di ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi báyìí. A jọ máa ń lu kíì C, òun lókè, èmi nísàlẹ̀, tí òun bá fi ìka kan tẹ C, èmi á fi méjì tẹ tèmi. Mo ti bẹ Bùọ̀dá kí wọ́n fi okùn D méjì kún ẹrù tí wọ́n bá ń bọ̀, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ gbó.