Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Fífún Ẹ̀dá Ìtàn Ìyanu Lórúkọ

Olóòtú ìwé ni mí, inú sì máa ń bí mi tí mo bá rí òǹkọ̀wé tuntun tí ó ti náwó sí èèpo ẹ̀yìn ìwé, tí ó ti kọ orúkọ akọni rẹ̀ gàdàgbà síbẹ̀, nígbà tí orúkọ náà kò bá ẹni tí ń jẹ́ ẹ mu rárá.

Èkíní, ẹ má ṣe kó Adéwálé, Adéwọlé àti Adéwọ̀nmí sínú ogun kan náà, kí òǹkàwé má baà ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Èkejì, ẹ má ṣe sọ ènìyàn ní Alágbára-Ayé kí ó wá máa sá fún ewúrẹ́. Nínú ìwé ọdẹ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ara Àràmàdà-Okùnrin, ọ̀kan nínú àwọn akọni inú ìwé náà, jẹ́rìí sí orúkọ rẹ̀, nítorí pé òtútù ni ó ń mú un nígbà tí ooru bá mú ẹlòmíràn.

Orúkọ àmútọ̀runwá gan-an ni ó ń gba oorun lójú mi. Ìgè ni ẹni tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé, Àjàyí ni ẹni tí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i, Dàda sì ni ẹni tí irun rẹ̀ ta kókó láti inú wá. Síbẹ̀, mo ka ìtàn kan tí Táíwò ti jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Mo ń retí Kẹ́hìndé. Mo rò pé bóyá iwin ni ó gbé e lọ, èyí tí ìbá di ìtàn gidi, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé náà ní orúkọ náà kàn dùn létí òun ni. Ti àbíkú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀bẹ̀ ni Málọmọ́, ẹ̀gàn sì ni Kòsọ́kọ́, ọmọ tí ó ti ń wá tí ó ti ń lọ ni a sì ń fi wọ́n pè. Bí akọ́bí tí ara rẹ̀ le koko bá wá ń jẹ́ Kòsọ́kọ́, òǹkàwé yóò máa wá ẹgbẹ́ ọ̀run rẹ̀ títí ìwé yóò fi parí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti sọ mí ní Ọlọ́pàá Orúkọ, wọn kò sì parọ́ mọ́ mi.

Ìdílé ńkọ́? Ìlù ni Àyàn-, eégún ni Ọ̀jẹ̀-. Bí Ọ̀jẹ̀wálé bá ń bẹ̀rù eégún, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Bí àǹjọ̀nnú bá sì fi orúkọ de akọni yín mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ èyí tí ó pè: ṣé èyí tí gbogbo ọjà mọ̀ ni, àbí oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń kí i ní ìdájí? Kí ẹ tó sanwó fún ayàwòrán, ẹ kọ gbogbo orúkọ náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí tí òbí fi sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.