Bí mo ṣe wá ibi tí Màámi yóò ti jẹun ní Whitby

Màámi wá wẹ ọmọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Leeds, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹja ilé ìtajà fi sú wọn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, ẹja yíyan ni wọ́n tà tí wọ́n fi rán gbogbo wa níléèwé. Bí a bá gbé ẹja tí wọ́n dì sínú ọ̀rá dé, wọ́n á gbé e sí imú, wọ́n á ní, "Ẹja yìí ò fojú kan iná rí." Mo pinnu pé màá mú wọn lọ sí Whitby, ìlú kékeré kan létí òkun ní àríwá Yorkshire. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè máa rìn kiri lójú ọ̀nà. Nítorí náà ni mo ṣe kọ́kọ́ dá lọ, kí n tọ́ oúnjẹ wọn wò, kí n mọ ibi tó dáa.

Ọkọ̀ Coastliner 840 ni mo wọ̀ láti Leeds. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ kó tó débẹ̀, ó gba York àti Malton kọjá, ó wá gun pápá gbalasa kan tí kò nígi, tí ó jẹ́ koríko àti àgùntàn nìkan. Odò Esk ló pín Whitby sí méjì. Afárá tó so ó pọ̀ máa ń ṣí bí ọkọ̀ ojú omi bá fẹ́ kọjá, gbogbo èrò á sì dúró wò ó.

Ebi ti ń pa mí, ni mo bá kọrí sí Magpie Café ní Pier Road, ilé funfun tí wọ́n kun igi rẹ̀ ní dúdú, tó kọjú sí èbúté. Èrò ti tò síta, èmi náà tò. Ẹja haddock díndín ni mo ní kí wọ́n fún mi, torí òun làwọn ará Yorkshire fẹ́ràn ju ẹja cod lọ. Nígbà tí mo fi fọ́ọ̀kì là á, èéfín yọ, ẹran rẹ̀ funfun báláú, ó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bò ó sì gbẹ dáadáa. Ẹni tí kì í bá jẹ màlúù ní láti béèrè kó tó sanwó o: ọ̀rá màlúù ni ọ̀pọ̀ ilé ẹja díndín ní Yorkshire fi ń dín ẹja àti pòtétò wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni mushy peas tí wọ́n bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wà gbígbẹ aláwọ̀ ewé ni, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú pẹ̀lú sódà kó lè rọ̀ dénú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sè é títí á fi fọ́. Kánún tí ìyá àgbà mi máa ń jù sínú ìkòkò ẹ̀wà ló sọ sí mi lọ́kàn. Iṣẹ́ kan náà ni.

Mo ra pòtétò díndín níbòmíràn kí n lè fi wé ti àkọ́kọ́. Ó tutù, ó mu òróró, ọmọ tó tà á kò sì wojú mi. Mo fagi lé ibẹ̀. Ẹyẹ òkun kan já ìyókù gbà lọ́wọ́ mi létí omi. Ẹyẹ wọ̀nyẹn tóbi, ẹ má jẹun nígbangba níbẹ̀ láìbo oúnjẹ yín.

Ní Botham's ní Skinner Street, tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì láti 1865, mo mu tíì, mo sì ra búrẹ́dì atalẹ̀ wọn kan. Ó le díẹ̀, ó dúdú. Bọ́tà àti wàràkàṣì ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́. Màámi á fẹ́ ẹ, torí atalẹ̀ rẹ̀ ń ta lọ́fun.

Mo wá sọdá sí apá ìlà-oòrùn, mo gba Church Street dé Henrietta Street. Kí n tó rí ilé náà ni mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì dúró, torí ẹ̀yìnkùlé wa ni òórùn yẹn. Fortune's ni wọ́n ń pè é, ìdílé kan náà ló ti ń yan ẹja níbẹ̀ láti 1872. Herring ni ẹja náà, ó jọ ṣáwá. Wọ́n á là á láti ẹ̀yìn, wọ́n á kó ìfun rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, wọ́n á wá fi kọ́ ní ẹsẹẹsẹ lókè nínú ilé èéfín. Ilẹ̀ ni wọ́n ń dáná sí, igi óákù àti igi mìíràn tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́. Iná náà kì í jó fòò. Èéfín ló ń ṣiṣẹ́. Ara ògiri ibẹ̀ ti di ọ̀dà, ó nípọn, ó ń dán. Ẹja tó jáde níbẹ̀ pọ́n bí idẹ láìsí aró kankan lára rẹ̀. Kò gbẹ bí tiwa o. Ara rẹ̀ ṣì rọ̀, òróró ń yọ lára rẹ̀, ẹ sì ní láti gbé e kaná kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi se ọbẹ̀, kó dín iyọ̀ kù. Méjì méjì lọ́nà mẹ́ta ni mo rà, wọ́n wé e sínú bébà.

Àtẹ̀gùn 199 ló gùnkè láti ibẹ̀ lọ sí ahoro Whitby Abbey, ilé tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ onígbàgbọ́ ń gbé láyé àtijọ́. Mo gùn ún, mo mu bíà dúdú kan ní Whitby Brewery tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahoro náà, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ sí mi lójú. Ó dùn, ṣùgbọ́n orúnkún Màámi kò ní gbé e. Duke of York ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni mo yàn fún wọn: fèrèsé rẹ̀ kọjú sómi, wọ́n á lè jókòó wo àwọn ọkọ̀ ẹja.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó padà dé Leeds. Màámi pọn ọmọ, wọ́n dúró ní kíṣìnnì. Mo tú bébà náà sílẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹja kan, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n pa ojú dé.

"Igi wo ni wọ́n fi yan án?"

"Igi óákù ni, Màámi."

Wọn ò sọ nǹkan mìíràn. Wọ́n ya ẹja náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ sínú ẹ̀fọ́ tó wà lórí iná, wọ́n dé e, wọ́n dín iná kù. Nígbà tí wọ́n tọ́ ọ wò tán ni wọ́n kọjú sí mi.

"Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ wo là ń lọ?"