Bí a ṣe wọ ìyẹ́ S.E.5a wa láṣọ tuntun, tí mo sì gbé e fò

Bàálù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ẹ̀dà S.E.5a ni, ìyẹn bàálù ìjà oníyẹ̀ẹ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, táwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ja Ogun Àgbáyé Kìíní láti 1917 títí ogun fi parí. Royal Aircraft Factory tó wà ní Farnborough ló ya ojúlówó ẹ̀, iléeṣẹ́ bíi mélòó kan ló pín in ṣe, ó ju 5,000 lọ, àmọ́ èyí tó ṣì lè fò nínú wọn lónìí ò pọ̀ rárá. Tiwa kéré sí ojúlówó díẹ̀, 85% ni, Kánádà ni wọ́n ti ya plan ẹ̀, igi àti aṣọ ló pọ̀ jù lára ẹ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ káfíńtà tó sì ní sùúrù lè kàn án nínú gàréèjì ilé ẹ̀. Ojúlówó ní ẹ́ńjìnnì Wolseley Viper tó ní agbára ẹṣin 200, tiwa ń lo Continental O-200 tó ní 100, ẹ́ńjìnnì kan náà tó wà nínú Cessna 150 táwọn èèyàn fi ń kọ́ bàálù wíwà káàkiri ayé. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan la dìjọ ni ín, pápá koríko kan ní Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí là ń gbé e sí, kò jìnnà sí Stow Maries, níbi táwọn 37 Squadron, ẹgbẹ́ awakọ̀ bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, ti máa ń gbéra lóru nígbà ogun yẹn lọ dènà Zeppelin, ọkọ̀ òfuurufú ńlá onígáàsì àwọn Jámánì.

Àwọn èèyàn wa máa ń bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú bàálù ogun òyìnbó. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ wá ìtàn William Robinson Clarke kà, ọmọ Jàmáíkà, aláwọ̀ dúdú, ó di awakọ̀ bàálù ní Royal Flying Corps (RFC), ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, lọ́dún 1917, bàálù R.E.8 ló ń wà, àwọn Jámánì yìnbọn bà á lójú òfuurufú ní oṣù July ọdún yẹn, síbẹ̀ ó gbé bàálù náà padà. Eugene Bullard láti Amẹ́ríkà náà ń ja tiẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Faransé lọ́dún kan náà. Ìtàn tiwa náà ni o, ó kàn mí gan-an.

Ó yá, ká bọ́ sórí iṣẹ́. Ìyẹ́ ìsàlẹ̀ lápá òsì ló dá a sílẹ̀, ọ̀dà ara ẹ̀ ti ń là wẹ́wẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká kàn lẹ aṣọ lé ibi tó là, ká kùn ún, ó parí. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká ṣí i. Ìyẹ́ onígi, ojú ò lè rí inú ẹ̀ láti ìta, aṣọ tó ń dán lè bo igi tó ti jẹrà mọ́lẹ̀ fún ọdún mélòó kan kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀, àwọn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì ti pa nígbà ogun yẹn, orúkọ wọn wà nínú ìtàn.

Ẹ wo Fokker Dr.I, bàálù oníyẹ̀ẹ́ mẹ́ta tí gbogbo èèyàn fi mọ Manfred von Richthofen, awakọ̀ ìjà Jámánì. Ní ìparí October 1917, Heinrich Gontermann, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọni awakọ̀ Jámánì, gbé tiẹ̀ sókè, ìyẹ́ òkè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mọ́ ọn lórí, ó já bọ́, ọgbẹ́ tó gbà níbẹ̀ ló pa á. Wọ́n dá gbogbo bàálù náà dúró, wọ́n ṣí ìyẹ́ wọn wò. Kí ni wọ́n rí? Gúlúù tí wọn ò lẹ̀ dáadáa, igi tí wọn ò kùn ní fáníìṣì, tí omi sì ti wọ̀ ọ́. Ọ̀tá ò yìnbọn kankan, iṣẹ́ tí wọn ò ṣe yanjú lábẹ́ aṣọ ló pa ọkùnrin yẹn. Kò sì sí odidi ojúlówó Dr.I kankan láyé mọ́, èyí tẹ́ ẹ bá rí tó ń fò lónìí, ẹ̀dà ni. Nítorí náà àwa tá à ń ṣe ẹ̀dà la jogún iṣẹ́ yẹn, ká ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ti ṣe é.

Kí n tó tú wáyà kankan, mo lẹ bébà kékeré mọ́ ọn, mo kọ ibi tó ti wá sí i. A gbé ìyẹ́ náà sórí tábìlì tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé, mo fi ọ̀bẹ la aṣọ àtijọ́ láti ìdí dé orí, mi ò fà á ya, torí mo fẹ́ kó kúrò lódindi kí n lè fi wọn ibi tí gbogbo ihò wà. Inú ẹ̀ dùn-ún wò lápá tó pọ̀ jù: spar méjèèjì, ìyẹn àwọn ọ̀pá igi ńlá tó gbé gbogbo ìyẹ́ dúró, le koko, ọ̀bẹ ò wọ̀ wọ́n. Àmọ́ lápá ẹ̀yìn, níbi tí ìyẹ́ ti fẹ́ kan ara bàálù, àwọ̀ igi ti dúdú. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ ìdí ìhà kan níbẹ̀, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí aṣọ ìyẹ́ ń lẹ̀ mọ́, ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Ìkejì tó tẹ̀ lé e náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo yẹ abẹ́ ẹ̀ wò mo rí ohun tó fà á, ihò kékeré tó yẹ kí omi máa gbà ṣàn jáde, ẹrẹ̀ àti ọ̀dà ti dí i pa, òjò tó bá wọlé ò rọ́nà jáde, ó jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ igi lọ díẹ̀díẹ̀. Ìta ò fi nǹkan kan hàn o, aṣọ ibẹ̀ gan-an ló dáa jù lára ìyẹ́ yẹn.

Mo gé gbogbo ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, mo sì gé wọnú igi tó dáa díẹ̀ kó lè dá mi lójú. Ẹ ò lè fi orí igi kan kan orí ìkejì kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ o, á já. Ṣe lẹ máa gé méjèèjì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ojú ìdàpọ̀ gùn ní ìlọ́po 12 bí igi ṣe nípọn, igi tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1 á ní ojú ìdàpọ̀ sẹ̀ǹtímítà 12, ibẹ̀ ni gúlúù ti máa rí ààyè dì í mú. Gúlúù epoxy la lò. Gbogbo ìgbà tí mo bá po gúlúù, mo máa ń fi díẹ̀ lẹ igi kékeré méjì pọ̀, màá kọ déètì sí i, tó bá gbẹ tán màá fi agbára ṣẹ́ ẹ. Igi ló gbọ́dọ̀ ya, tó bá jẹ́ ojú gúlúù ló ṣí, iṣẹ́ tí mo fi gúlúù yẹn ṣe lọ́jọ́ yẹn gbọ́dọ̀ kúrò. Igi ló ń ya, a dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo kun gbogbo inú ìyẹ́ ní fáníìṣì, kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀, àti orí gbogbo ìṣó. Ìnsípẹ́kítọ̀ wá, ó mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré tó ní ọwọ́ gígùn dání, ó yẹ inú ẹ̀ wò fínnífínní, ó ní, "Ẹ lè bò ó." Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi aṣọ bo ìyẹ́ kí ìnsípẹ́kítọ̀ tó buwọ́ lù ú.

Aṣọ wá kàn. Nígbà ogun, linen láti Ireland ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi ọ̀dà kan tí wọ́n ń pè ní dope kùn ún kó lè fún, kí afẹ́fẹ́ má sì gbà á kọjá. Nǹkan olóró kan tí wọ́n ń pè ní tetrachloroethane wà nínú dope àkọ́kọ́ tí wọ́n lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èéfín ẹ̀ fi ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ṣe àwọn òṣìṣẹ́, obìnrin ló pọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì kú kí wọ́n tó pa á tì. Mo máa ń rántí wọn tí mo bá ń de máàsìkì. Tiwa lónìí, aṣọ polyester ni, gúlúù la fi lẹ etí ẹ̀ mọ́ igi yíká, áyọ́ọ̀nù la sì fi ń fún un. Ẹ fi tẹ̀mómítà wọn áyọ́ọ̀nù yín ná, ẹ má gba nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ gbọ́. Àkọ́kọ́ ní nǹkan bí 120°C, yíká gbogbo ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì ní nǹkan bí 175°C. Tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ aṣọ á bàjẹ́, tẹ́ ẹ bá sì dúró lójú kan, ẹ ti ba ibẹ̀ jẹ́. Ìparí ẹ̀ ni pé tí mo fi ìka ta á, ó ń dún bí awọ dùndún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà.

Gúlúù nìkan ò tó fún orí ìyẹ́ o. Tí bàálù bá ń fò, atẹ́gùn tó ń kọjá lókè ìyẹ́ ń fa aṣọ sókè ni, ó fẹ́ ṣí i kúrò lára ìhà, òun la ṣe ń rán an. Ẹ̀ẹ́ gbé ìyẹ́ dúró lóòró, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn, abẹ́rẹ́ gígùn á gba inú ìyẹ́ kọjá sí ẹni kejì, òun náà á dá a padà láti ẹ̀gbẹ́ kejì ìhà náà, lẹ́yìn náà ni kókó. Ìyàwó mi tó jẹ́ aránṣọ ló dúró lẹ́yìn. "Ó ti jáde, ẹ fà á." "Mo ti fà á, dá a padà." "Ẹ dúró, ó ti gba àárín igi, ẹ yọ ọ́." Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Níbi tí atẹ́gùn propeller, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú bàálù, ti ń fẹ́ lu ìyẹ́, ínǹṣì 2 àbọ̀ la fi sáàárín kókó kan sí ìkejì, lápá òde a fún un láàyè díẹ̀ sí i. Okùn náà ní ìda lára kí kókó má bàa yọ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i pé tí mo bá fi àtàǹpàkò di kókó àkọ́kọ́ mú kí n tó so ìkejì, kò ní dẹ̀, látìgbà yẹn iṣẹ́ yá.

Ó ku ríbọ́ọ̀nù lórí gbogbo ojú ìrán, ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà tó ń dènà oòrùn, àti PC10 lókè, àwọ̀ ilẹ̀ tó fẹ́ dà bí ewé gbígbẹ táwọn RFC ń lò, amọ̀ pupa-rúsúrúsú àti ẹ̀dú ni wọ́n fi ń pò ó nígbà náà. Ihò omi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la là, mo fi wáyà gún wọn wò níkọ̀ọ̀kan.

Bá a ṣe dá ìyẹ́ padà, a fún wáyà ẹ̀, a gbé e wọ̀n, awakọ̀ àgbà kan tó ní àṣẹ ìdánwò ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Nígbà tó sọ̀ ó ní kò sí wàhálà àmọ́ apá òsì ń wúwo díẹ̀. Ìwòsàn ẹ̀ ò le: a dẹ wáyà ẹ̀yìn tó ń gbé ìyẹ́ ró nílẹ̀, a fún èyí tó ń dì í mú lókè, ìyẹn á rẹ ẹ̀yìn ìyẹ́ òsì sílẹ̀ bíńtín kó lè gbé ara ẹ̀ sí i.

Ló bá kàn mí. Kò sí stáátà, ọwọ́ la fi ń yí propeller. Ọ̀rẹ́ mi dúró níwájú, igi wà lábẹ́ táyà, mo pariwo "Contact!", ó yí i lulẹ̀, ó mú. Imú ẹ̀ gùn, ẹ ò lè rí iwájú nígbà tí ìrù bá wà nílẹ̀, ṣe lẹ máa rìn ní wọ́gọwọ̀gọ kẹ́ ẹ lè máa yọjú wo ọ̀nà. Mo tẹ̀ ẹ́, ìrù dìde, gbogbo pápá ṣí sílẹ̀ níwájú mi, kí n tó mọ̀ ó ti kúrò nílẹ̀. Ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 mo yọ ọwọ́ lórí ọ̀pá ìdarí, ó ń lọ gbọnrangandan, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Mo wo ìyẹ́ òsì. Wáyà tó ń gbé e ró nílẹ̀ ti dẹ̀ díẹ̀, tó ń dì í mú lókè ti le gan-an, bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, aṣọ náà dúró lórí gbogbo ìhà láìwú síbì kankan. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ torí atẹ́gùn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀, ẹ má dín epo kù láìrẹ imú sílẹ̀, gbogbo wáyà àti òpó yẹn ń dá a dúró, eré á tán lójijì. Ẹ wo etí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ẹ jẹ́ kí táyà àti ìrù kan ilẹ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ yín ò gbọ́dọ̀ sinmi lórí pẹ́dàlì rudder tó ń darí imú sọ́tùn-ún sósì títí ó fi dúró pátápátá.

Ìyẹ́ òkè ló kàn. A ti ra aṣọ ẹ̀ sílẹ̀, ìnsípẹ́kítọ̀ á kọ́kọ́ wá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀ ná.