Ojú tó ṣàdédé ṣú tó tún là padà: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Nọ́ọ̀sì ojú ni mí, Ṣàgámù níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìbéèrè yìí làwọn èèyàn wa láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ìkẹ́nnẹ́ ń bi mí lemọ́lemọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rò pé ojú ló ń ṣe wọ́n nígbà tó jẹ́ pé ọpọlọ tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀.

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ jẹ́ ká mọ èyí ná: bó bá ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, ẹ fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ẹ wò, ẹ bo tòsì, ẹ wò, ẹ sì wo aago. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, ojú yẹn fúnra ẹ̀ tàbí iṣan tó so ó mọ́ ọpọlọ la máa kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ò ríran nínú ojú méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti dé inú ọpọlọ nìyẹn. Ẹlòmíì á ní ojú ọ̀tún òun ni, ká bò ó báyìí, ó di pé apá ọ̀tún ojú méjèèjì ló lọ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Òkè-Ajé ni mo wà lánàá, mò ń ka owó lọ́wọ́, ojú òsì mi bá ṣú bí ìgbà tí wọ́n fa kọ́tìn wálẹ̀, kò dùn mí, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti là padà. Mo ní BP. Ọmọ mi ní kí n wá, mo ní kí la tún ń wá, ó ṣáà ti lọ.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ tẹ̀lé ọmọ yín, lónìí yìí ni o, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ dídì kékeré kan já lára iṣan ńlá tó gba ọrùn lọ sórí, tàbí kó ti inú ọkàn wá, kó dí iṣan ojú fúngbà díẹ̀ kó tó sún kúrò. Lílà tó là padà yẹn gan-an ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Èyí tó máa já tẹ̀ lé e lè má dúró lójú mọ́, ó lè gba inú ọpọlọ lọ kó di rọpárọsẹ̀, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ sì ni ewu ẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n á wo BP àti ṣúgà yín, wọ́n á yẹ ọkàn yín wò, wọ́n á ya àwòrán ọrùn àti ọpọlọ. Ẹ má kán dírọ́ọ̀pù kankan sójú, kò lè dé ibi tí wàhálà wà. Ẹ má sì gbé aspirin mì torí pé aládùúgbò ní kẹ́ ẹ lò ó, tó bá lọ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń ya nínú ọpọlọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ pé ó yá.

Tí kọ́tìn yẹn bá wá lọ wálẹ̀ tí ò gbéra mọ́, pàápàá tí nǹkan ti kọ́kọ́ ń kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, awọ ẹ̀yìn ẹyin ojú ló lè ti ṣí, ìyẹn kì í ṣe ti ọpọlọ ṣùgbọ́n òun náà ò gbọ́dọ̀ sùn sílé mọ́jú.

Ìbéèrè: Àǹtí nọ́ọ̀sì, Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń kàwé. Mo ṣí ìwé sílẹ̀, mo kàn rí i pé àárín ọ̀rọ̀ ò hàn, ìlà wọ́gọwọ̀gọ kan tó ń dán bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tóbi lọ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn ẹ̀ lorí bá ń fọ́ mi lápá kan, mo sì bì. Wọ́n ní ibà ni.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, èyí tó o sọ yìí jọ túúlu, kò jọ ibà rárá. Iná tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́ ló máa ń rú ní ẹ̀yìn orí níbi tó ń tú ohun tójú rí, tó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlà yẹn fi ń tóbi lọ dípò kó dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú 5 sí 60 ló sábà máa ń gbà. Di ojú méjèèjì, wàá ṣì máa rí i. Ebi, àìsùn àti nǹkan oṣù máa ń fà á, nítorí náà má fi ọjọ́ ìdánwò gbààwẹ̀ tipátipá. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, wá ibi tó ṣókùnkùn jókòó sí, mu omi, lo oògùn ẹ̀fọ́rí kó tó wọra. Tó o bá ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, sọ fún dókítà, torí èyí tó ní estrogen (èròjà ara obìnrin) nínú àti túúlu tó ń kan ojú ò bára mu, ó ń fi kún ewu rọpárọsẹ̀. Tó bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, tàbí tí ọwọ́ bá ń rọ, tí ẹnu bá ń wọ́, ọsibítù tààrà ni.

Ìbéèrè: Láti àárọ̀ ni bàbá mi ti ń fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn. Wọ́n jẹun ọ̀sán, wọ́n fi ẹran tó wà lápá òsì abọ́ sílẹ̀, wọ́n ní a ò bu ẹran fáwọn. Ṣé ká ra gíláàsì tuntun fún wọn?

Ìdáhùn: Rárá o, gíláàsì ò lè ṣe é. Rọpárọsẹ̀ tó mú ẹ̀yìn ọpọlọ máa ń rí báyìí, ọwọ́ ẹsẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fura. Ẹ gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti lè ya àwòrán ọpọlọ, kẹ́ ẹ sì rántí ìgbà tẹ́ ẹ rí wọn kẹ́yìn tára wọn dá, torí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni àyè ẹ̀. Àyè yẹn ì báà ti kọjá, ẹ ṣì lọ, kí òmíràn má bàa tẹ̀ lé e. Ẹ rọra gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ wọn.

Ìbéèrè: Glaucoma, àrùn tó ń pa iṣan ojú díẹ̀díẹ̀, ti ba ojú màmá àgbà wa jẹ́. Wọ́n ní àwọn ń rí ọmọ kéékèèké tó wọ aṣọ aláràbarà lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ ọ̀hún kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́.

Ìdáhùn: Ẹ dákun, ẹ má gbé màmá lọ síbi tí wọ́n á ti fìyà jẹ wọ́n. Tójú ò bá gbé àwòrán tó tó wá mọ́, ọpọlọ á máa ya tiẹ̀. Charles Bonnet ará Switzerland kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1760 nípa bàbá àgbà tiẹ̀, ojú wọn ti ń lọ, wọ́n ń rí èèyàn, ẹyẹ àti ilé tí ò sí níbẹ̀, orí wọn sì pé. Orúkọ ẹ̀ la fi ń pe àìsàn náà títí dòní. Àwọn ìyá wa tó ní in pọ̀, wọ́n kàn ń gbé e pamọ́ torí orúkọ àjẹ́ yẹn, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Ẹ tan iná yàrá dáadáa, ẹ ní kí wọ́n máa yí ojú sọ́tùn-ún sósì tí wọ́n bá ti rí wọn, ẹ má sì dá oògùn glaucoma dúró. Tí àwọn ọmọ yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tàbí tí màmá ò bá dá yín mọ̀ mọ́, nǹkan mìíràn nìyẹn, kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò.

Ìbéèrè: Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbálẹ̀, ojú mi á ṣú fíìrì, etí mi á máa hó bí ọkàn mi ṣe ń lù. Ọdún 28 ni mí, mo sanra díẹ̀.

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ pé omi tó yí ọpọlọ ká ló ń tẹ iṣan ojú. Kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, torí téèyàn bá fi í sílẹ̀ ojú lè lọ pátápátá. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò, tetracycline pupa àti yẹ́lò tẹ́ ẹ ń rà ní kẹ́míìsì wà lára ohun tó ń fà á.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi mu ogógóró níbi ìnáwó lálẹ́ àná, láàárọ̀ yìí wọ́n ní gbogbo nǹkan rí bàìbàì, orí ń fọ́ wọn. Ṣé ọtí ló ṣì wà lójú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ gbé wọn lọ báyìí báyìí, ọsibítù OOUTH ní Ṣàgámù tàbí ti Babcock ní Ìlíṣàn, èyí tó bá sún mọ́ yín. Methanol, ìyẹn ọtí olóró tí kì í ṣe mímu, ló lè wà nínú ọtí yẹn, iṣan ojú ló máa ń pa. Ní April 2015 ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ojú ṣú, orí fọ́, àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, òkú sì ju mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé ọtí ni. Ẹ mú ìgò náà dání, kẹ́ ẹ sì pe gbogbo àwọn tó bá wọn mu ún.