Orúnkún Màmá àti ọ̀nà inú igbó Westonbirt

Ọ̀sẹ̀ kejì tí Màmá dé ọ̀dọ̀ wa ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí sú wọn. "Bùkọ́lá, ṣé inú yàrá yìí náà ni n ó jókòó sí títí di ọjọ́ tí n ó padà?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, àmọ́ ẹni ọdún 71 tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, tó tún ń sá fún ajá bí ẹni sá fún ejò, ibo lèèyàn fẹ́ mú un lọ ní oṣù kẹwàá? Ọjà ti sú wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣírò sí náírà, wọn a sì gbé e padà sórí àtẹ.

Westonbirt ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọgbà igi ni, lẹ́bàá ìlú Tetbury ní Gloucestershire. Oríṣi igi bíi 2,500 ni wọ́n kó jọ síbẹ̀ láti kárí ayé. Èmi àtàwọn ará ibiṣẹ́ mi ti lọ rí, a rìn títí ẹsẹ̀ wa fi wú, nígbà tá a sì délé, kò sẹ́ni tó rántí ohun kan pàtó tó rí. Máìlì 17 ni ọ̀nà inú ọgbà náà lápapọ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ láìmọ ibi tó ń lọ, ọ̀nà ni yóò rìn, kò ní rí igi.

Nítorí náà, mo jókòó ti máàpù wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀ ajá. Apá méjì ni ọgbà náà, àfonífojì koríko ló là wọ́n láàárín. Apá kan ń jẹ́ Old Arboretum, ajá ò gbọdọ̀ débẹ̀. Èkejì ń jẹ́ Silk Wood, ibẹ̀ ni tiwọn. Mo wá pín ọjọ́ wa sí méjì: àárọ̀ fún Old Arboretum, bí orúnkún bá gbà, ká kọjá sí Silk Wood lọ́sàn-án. Mo tún rí i pé wọ́n ní kẹ̀kẹ́ oníná tí ẹni tí kò lè rìn púpọ̀ lè gbà bó bá ti sọ fún wọn ṣáájú. Mo dárúkọ rẹ̀ fún Màmá. "Kí n wá gun kí ni? Ta ló ní mo yarọ?" Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ parí síbẹ̀.

Ìsinmi ilé ìwé ni, mo sì mọ̀ pé èrò máa pọ̀, torí náà aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí wọ́n ń ṣí géètì la ti wà lẹ́nu ọ̀nà: Màmá, èmi àti Tómi ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìgbà ìwọ́wé ni ibẹ̀ ń kún jù lọ, torí ewé tó ń yí àwọ̀.

Àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo ṣe lọ́jọ́ náà kò pẹ́ tó fi wáyé. Ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ dáadáa ni mo ti là kalẹ̀ pé a máa tẹ̀lé. Bá a ṣe rìn díẹ̀, mo rí ẹ̀bùrú kan tó gba orí koríko kọjá, mo ní ká gbabẹ̀ ká tètè dé. Ìrì ṣì wà lórí koríko, ewé tútù sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ tí Màmá máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, èmi náà ò sì wo ẹsẹ̀ wọn ká tó kúrò nílé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ̀. Wọn ò ṣubú, èjìká mi ni wọ́n dì mú, àmọ́ wọ́n dúró pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. "Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà kò dáa tó fún ẹ ni?" A padà sórí òkúta. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ mú àgbàlagbà lọ, ẹ wo bàtà kí ẹ tó wo máàpù.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo jẹ́ kí Màmá ṣíwájú, kí ẹsẹ̀ tiwọn máa pinnu bá a ṣe ń yá tó. Gbogbo ibi tá a bá ti rí bẹ́ǹṣì la ti ń jókòó, yálà ó rẹ̀ wá tàbí kò rẹ̀ wá. Orí ọ̀kan nínú wọn ni mo ti sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn: Robert Holford, olówó kan, ló bẹ̀rẹ̀ sí gbin igi náà ní 1829, George ọmọ rẹ̀ bá a tẹ̀síwájú, ìjọba sì gbà á ní 1956. Mo fi kún un pé Robert ṣí abúlé tó wà níbẹ̀ nídìí, ó tún un tẹ̀ dó síbòmíràn, kí ilé àti ọgbà rẹ̀ lè gbòòrò. Màmá wo igi kan tí wọ́n fi àmì orúkọ pélébé há lára. "Àwọn tó ní kí wọ́n dìde ńkọ́? Igi wo ni wọ́n kọ orúkọ tiwọn sí?" Oko bàbá wọn wà nínú igbó ọba rí. Mi ò rí èsì fọ̀.

Ibi tí àwọn igi maple ilẹ̀ Japan wà ni èrò pọ̀ sí jù. Ewé wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, oòrùn ń gba àárín wọn kọjá. Àwọn èèyàn tó gbé kámẹ́rà ńlá dání ń dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n lè yà á dáadáa. Mo ro pé Màmá á kígbe. Wọ́n kàn mi orí: "Ewé tó ń kú lọ ni wọ́n sanwó wá wò yìí? Ewé igi fúrúùtù ilé ìwé wa ń pọ́n jù báyìí lọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìyà gbígbá rẹ̀ la sì ń jẹ." Ká sòótọ́, wọn ò parọ́.

Ohun tó mú wọn gan-an, imú ni wọ́n fi rí i. A ti ń kọjá lọ ni wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n gbé orí sókè. "Ta ló ń se súgà?" Tómi ní, "Màmá àgbà, kò sí ilé oúnjẹ níbí." Wọ́n tún fa imú. "Bàbá dúdú ni. Òórùn bàbá dúdú nìyí." A wá a kiri. Igi katsura ni, igi Japan àti Ṣáínà, ewé rẹ̀ rí roboto bí ọkàn tí àwọn ọmọdé máa ń yà, ó ti pọ́n yẹ́lò, ó sì ń rọra já. Ìgbà tí ewé náà bá ń kú lọ ló ń tú òórùn yẹn jáde. Màmá ṣa ọ̀kan nílẹ̀, wọ́n rún un láàárín ìka, wọ́n fi sí imú Tómi, wọ́n fi sí imú tèmi. Abẹ́ igi yẹn la lò pẹ́ jù lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n sọ fún Tómi bí ìyá wọn ṣe ń yọ́ súgà mọ́ omi àgbọn nínú ìkòkò irin, àti ọjọ́ tí wọ́n fi ìka tọ́ ọ wò kó tó tutù. Wọ́n fi àpá rẹ̀ hàn án.

Lẹ́yìn oúnjẹ (ìrẹsì tá a gbé láti ilé ni o), mo béèrè bóyá ká máa lọ sílé. Màmá ní orúnkún kò tíì sọ nǹkan kan. A bá gba afárá onígi tó gba òkè igi kọjá lọ sí Silk Wood. 2016 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ tó mítà 300, ibi tó ga jù níbẹ̀ sì jẹ́ mítà 13 àti ààbọ̀ sílẹ̀. Kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè. Ó máa ń mì díẹ̀ bí èrò bá ń rìn lórí rẹ̀. Màmá di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń pe Jésù títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Nínú Silk Wood, ajá àkọ́kọ́ tá a pàdé wà nínú okùn, ìyá arúgbó kan ló dì í mú. Màmá bọ́ sẹ́yìn mi, wọ́n gbá aṣọ mi mú. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó kọjá.

Igi lime kan (kì í ṣe ti ọsàn wẹ́wẹ́ o) ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n, ó sì jìnnà ju bí mo ṣe rò lọ. Bá a ṣe débẹ̀, ó dà bíi pé ọ̀pọ̀ igi ló tò yípo. Mo ní gbòǹgbò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, pé wọ́n ti ń gé e tó sì tún ń hù fún nǹkan bí 2,000 ọdún. Mo rò pé wọ́n máa jiyàn. Wọ́n fọwọ́ pa ìdí rẹ̀ níbi tí ọ̀mùnú kan ti ń yọ. "Bí kòkó ni. Bó bá ti gbó jù, bàbá mi á gé e lulẹ̀, á fi ọ̀mùnú tó bá dáa jù sílẹ̀." Wọ́n yí igi náà ká, wọ́n ń ka ẹ̀ka rẹ̀. Tómi ń kà á tẹ̀lé wọn. Àwọn méjèèjì ò dé iye kan náà.

Lálẹ́, wọ́n pe àbúrò wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ń fọ àwo, mo ń gbọ́. Wọ́n sọ ti igi bàbá dúdú, wọ́n sọ ti afárá, wọ́n fi mítà márùn-ún kún gíga rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ajá ńlá kan wá bá wọn nínú igbó, àwọn sì fọwọ́ ra á lórí.

Mo bu omi sí i, mo ń fọ àwo mi lọ.